Àwọn Tí Ìyá Ìdrís Kò Wẹ̀

Obìnrin tó ń ya sikáànù ní Bọ́ládé kò gbójú sókè nígbà tó sọ ọ́. Ó ń fi bébà nu oje tútù tó fi pa Ìyá Ìdrís láyà, ó ní, "Mà, kò hàn dáadáa o. Ó lè jẹ́ nǹkan, ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan. Ẹ gbé ìwé yìí lọ fún dókítà, àwọn ló máa mọ èyí tó kàn."

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn ná. Èèyàn gbé ara rẹ̀ wá kí wọ́n lè sọ ohun tó ń ṣe é fún un, wọ́n ní àwọn náà ò mọ̀. Ìyá Ìdrís kò bá a jà ṣá. Ó fa híjáàbù rẹ̀ bọrùn kíákíá, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, ó wọ̀tún wòsì kó tó bọ́ sójú títì. Kì í ṣe olè ló ń ṣọ́. Ojúlùmọ̀ ló ń ṣọ́. Ilé tí wọ́n ti ń ya sikáànù wà ní Ìsọlọ̀ tó ń gbé, ó wà lẹ́yìn ọjà Aswani níbi tó ti ń ta aṣọ kọ́tìnì, àmọ́ kò yà sí ìkankan nínú wọn. Bọ́ládé ló wọ mọ́tò lọ, nínú èrò àti ariwo, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà rí i. Híjáàbù dúdú ló sì wọ̀ lọ́jọ́ náà, torí funfun ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn.

Memunat ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìséyìn, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti dé Èkó. Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù tí wọ́n máa ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun ni Àmírà, òun ni olórí àwọn obìnrin. Bí obìnrin kan bá kú láàárín àwọn mùsùlùmí àdúgbò, ìbáà ṣe arúgbó, ìbáà ṣe ọ̀dọ́, Ìyá Ìdrís ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, torí òun ló ń wẹ òkú obìnrin. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ lára wọn bí ẹni pé wọ́n ṣì lè bínú. Ohun tó bá rí lára òkú, kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n fọkàn tán an gidigidi. Bó bá wá la ẹnu sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń pa obìnrin, kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ti fọwọ́ kan ikú jiyàn?

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọsibítù kò ju ẹgbẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ, Adéyínká lorúkọ rẹ̀. Ó kà á, ó ní kí Ìyá Ìdrís dùbúlẹ̀, ó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́jẹ́. Kókó tí Ìyá Ìdrís torí rẹ̀ lọ ya sikáànù wà nísàlẹ̀ ọmú òsì, kò ju èkùrọ́ lọ, kì í sì í dùn ún. Ọjọ́ kan tó ń wẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ lù ú.

"Mà, fífọwọ́ kàn án ò lè sọ ohun tó jẹ́, sikáànù náà ò lè sọ ọ́," ni dókítà wí. "Ohun tí a ń pè ní báyọ́sì la máa ṣe. A máa fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kó má baà dùn yín, a máa fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú kókó yẹn, a máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà yẹn la tó lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni àbí òun kọ́. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ wá."

"Tí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"A ò ní mọ̀ nìyẹn, Mà. Tó bá wá lọ jẹ́ nǹkan burúkú, ẹ ti fún un láyè."

Ìyá Ìdrís dúpẹ́, ó jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé báàgì lé itan. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ta ni ò ní bà. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù ló jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ìtìjú ni. Ọ̀rọ̀ Bàṣírátù ni.

Bàṣírátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Motọ́lání, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi jókòó ti ara wọn ní Aswani, tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá bèèrè ohun tí ẹnì kan ò ní, á kàn nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kejì. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ọjà kún, Bàṣírátù wá bá a lẹ́yìn ìrun Àílà, ó mú ìwé kan jáde láti abẹ́ ìró. Òun náà rí kókó lọ́mú. Òun náà ya sikáànù, kò dájú. Wọ́n ní kó wá gba abẹ́rẹ́. "Ìyá Ìdrís," ló wí, "ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan báyìí. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá Ìdrís ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kàn án. Obìnrin mẹ́ta ni mo ti wẹ̀ tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ló pa wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo rí ojú abẹ́rẹ́ àti ojú abẹ lára wọn. Kò sí ọ̀kan tó yè nínú wọn. Nǹkan tó ń sùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ jí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Bàṣírátù ká ìwé náà, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá Ìdrís fúnra rẹ̀ ló bá a ra oyin àti ọṣẹ àti kóró dúdú tí wọ́n ní wọ́n ń kó wá láti Mẹ́kà. Kí ọdún tó yí po, kókó náà ti là. Ìgbà tí wọ́n padà gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ó ti rìn jìnnà. Ní báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà nínú yàrá rẹ̀ ní Ailegun, ẹlòmíràn ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Aswani.

Tó bá jẹ́ pé Bàṣírátù bú u ni, ì bá sàn. Bàṣírátù ò bú u rí. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Ìdrís bá lọ wò ó, àdúrà ló máa ń ṣe fún un: "Ọlọ́run á dá ẹ lóhùn, o ò fi mí sílẹ̀." Ìyá Ìdrís á ṣe àmín, á wá àwáwí, á tètè máa lọ.

Ìyá àgbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì náà tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń da èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá. Màmá Abórìṣàdé ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é bí wọ́n ti ń kọjá, gbogbo wọn ló sì ń kí i bí ẹbí. Ó ti ń wo Ìyá Ìdrís tipẹ́.

"Gba ẹ̀pà," ló wí. "Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kó o wá gbà, àbí? Ojú ẹ ti sọ ọ́."

Ìyá Ìdrís kì í bá àlejò sọ tinú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. "Mi ò rò pé màá gbà á, Mà. Èmi ni mò ń wẹ òkú àwọn obìnrin ládùúgbò wa. Mo ti wẹ mẹ́ta tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kàn lọ́mú. Kò sí ọ̀kan tó yè nínú wọn."

Màmá dáwọ́ ẹ̀pà dúró. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọdé tó ní òṣùpá ń tẹ̀ lé òun.

"Má bínú, ọmọ mi," ló wí. "Àwọn tó yè, ṣé wọ́n máa gbé wọn wá fún ẹ wẹ̀ ni?"

Ó mú ọwọ́ Ìyá Ìdrís, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀ lápá ọ̀tún, lórí bùbá. Aṣọ ló wà níbẹ̀, kò sí ẹran. "Àkísà ni mo ká sínú kọ́mú yẹn. Ọdún kejìlá rèé tí wọ́n ti gé e. Abẹ́rẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ tú u fó. Àwa mẹ́fà la jọ gbà á lọ́jọ́ kan náà, àwa mẹ́rin ṣì ń lọ sọ́jà. Ìwọ ò lè mọ̀ wá. Níbo lo ti fẹ́ pàdé wa?" Ó tún fọ́ ẹ̀pà mìíràn. Ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó rọrùn ló sọ.

Ẹlòmíràn ì bá yọ̀. Ṣebí ìròyìn ayọ̀ ni: abẹ́rẹ́ kì í pani, ó ṣeé gbà. Ìyá Ìdrís ò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa rí kedere, òun, Àmírà, kò rí i. Ẹni tó ń wẹ òkú, òkú ló ń rí. Àwọn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ tí wọ́n sì wà láàyè, abẹ́ aṣọ ni àpá tiwọn wà, wọ́n ń ra kọ́tìnì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń náwó lórí ọmọ, wọn ò ní ṣí àyà hàn án. Ọdún méjì ló sì fi ń fi òkú mẹ́ta ṣe ẹ̀rí. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ó dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, Mùnírù, tó ń tún fíríìjì ṣe níwájú ilé. Ó sọ ti kókó, ó sọ ti sikáànù, ó sọ ti Ọjọ́rú. Mùnírù gbé sípánà sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á, kò fi pamọ́.

"Ìyá Ìdrís, ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo sọ ọ́ nínú ilé yìí pé ẹni tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ kàn kì í yè? Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìséyìn."

Ìyá Ìdrís súnmọ́ ọn. "Kí ló ṣe wọ́n tí ẹ fi sọ ọ́ fún wọn?"

"Kò tíì ṣe wọ́n nǹkan kan. Mo kàn ní kí wọ́n mọ̀ ni, bí ọjọ́ kan bá lọ ọjọ́ kan bọ̀."

"Ẹ pè wọ́n, Bàbá Ìdrís. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀."

"Ta ni kí n ní ó ní kò rí bẹ́ẹ̀?"

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí i: bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tiẹ̀ ti fọ́ títí dé Ìséyìn.

Láti Ọjọ́bọ̀ dé Àbámẹ́ta, gbogbo ohun tó ń rò nínú ṣọ́ọ̀bù kò yé oníbàárà kankan. Ó ń wọn kọ́tìnì, ó ń ṣì í wọ̀n. Bí òun bá lọ gba abẹ́rẹ́ yìí, tó wá yè, ojú wo ni òun máa fi wo Bàṣírátù? Obìnrin tó ní kí ẹnì kejì má wọ ọkọ̀, tó wá lọ sáré wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun lọ síbi tó jìnnà, bóyá Ìkòròdú, kí òun gbà á ní bòókẹ́lẹ́. Ó tún rò ó pé kí òun má tilẹ̀ gbà á mọ́ rárá. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kó jẹ́ jẹjẹrẹ; òun àti Bàṣírátù a jọ lọ, ojú á sì kúrò ní títì. Ikú yá ju ẹ̀sín, ló ń wí fún ara rẹ̀. Ẹni tó pa òwe yẹn ò wẹ òkú rí, ká má tan ara wa. Ìyá Ìdrís mọ bí ikú ṣe rí, síbẹ̀ òun ló ń wù ú ju kó la ẹnu lọ. Ìtìjú máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di ọ̀dẹ̀ báyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí Àmírà ṣe àdúrà fún Ìyá Motọ́lání tí ara rẹ̀ ò yá. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn obìnrin bí ọgọ́ta ló jókòó nínú híjáàbù funfun, gbogbo wọn ń dúró kí wọ́n lè ṣe àmín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dé àárín, omijé dà lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé ìfẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pa á lẹ́kún. Obìnrin kan lẹ́yìn tilẹ̀ ń sọ pé, "Ọ̀rẹ́ gidi nìyí." Bó ṣe gbọ́ ìyẹn, ó mọ̀ pé òun ò lè gbé e dé ọ̀la mọ́. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ibẹ̀, ó kọrí sí Ailegun.

Motọ́lání ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. "Ẹ káàárọ̀ Mà, Àmírà. Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi wá sílẹ̀." Ìyá Ìdrís kò lè wò ó. Ó fi orí kí i, ó wọlé.

Wọ́n ti sun tùràrí sínú yàrá nítorí òórùn egbò. Bàṣírátù fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó ti gbẹ, eegun ọrùn rẹ̀ hàn, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ni ojú Bàṣírátù. Motọ́lání jáde lọ fọ aṣọ. Ìyá Ìdrís jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò kí i, kò bi í bó ṣe sùn.

"Bàṣírátù, mo rí kókó lọ́mú mi."

Bàṣírátù yí orí sí i. "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù kan. Mo ya sikáànù, wọ́n ní kò dájú. Wọ́n ní kí n wá gba abẹ́rẹ́ ní Ọjọ́rú." Ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ohun tí mo sọ fún ẹ lọ́jọ́sí, kì í ṣe òótọ́. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, àmọ́ mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Àwọn tó kú nìkan ni mo rí. Àwọn tó yè, wọn ò gbé wọn wá bá mi. Mo rí ọ̀kan ní Ọjọ́rú tó kọjá yìí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọdún méjìlá, Bàṣírátù. Èmi ni mo dá ẹ dúró."

Ẹnì kan ń fọ agolo níta.

"Ojú ń tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e," ni Ìyá Ìdrís wí. "Tí o bá ní kí n má lọ ní Ọjọ́rú, mi ò ní lọ. Ọwọ́ ẹ ni mo fi í sí."

Bàṣírátù di ojú rẹ̀. Nígbà tó là á, inú ti ń bí i. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ìdrís ti rí ìbínú lójú yẹn gbẹ̀yìn, láti ìgbà tí wọ́n ṣì jọ ń bá àwọn alágbàtà jà ní Aswani.

"Memunat, dákẹ́." Kì í pe orúkọ rẹ̀ báyẹn. "Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ti ń bà mí kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Mo mọ̀ pé o máa ní kí n má lọ. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo gbé ẹ̀mí ara mi lé ẹ lọ́wọ́ kí n lè sọ pé ìwọ lo sọ ọ́. Wo ibi tó gbé mi dé. Ìwọ náà tún wá gbé tìẹ lé mi lọ́wọ́? Tí mo bá ní kí o má lọ, tí o bá kú, o ti san án fún mi nìyẹn, àbí? Ọkàn ẹ á balẹ̀. Mi ò gbà."

"Bàṣírátù, jọ̀ọ́..."

"Má bẹ̀ mí. Mi ò tíì dárí jì ẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá màá ráyè ṣe é. Lọ gba abẹ́rẹ́ ẹ. Tí o bá gbà á tán, kí o padà wá síbí, kí o sọ fún mi bó ṣe dùn tó. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo sá fún."

Ó yí ojú sí ògiri. Ìyá Ìdrís jókòó díẹ̀ sí i, ó dìde, ó lọ.

Ọjọ́rú dé. Híjáàbù funfun ló wọ̀. Kò gba Ìkòròdú lọ, ọsibítù náà ló padà sí, ó gba iwájú ọjà kọjá, ó sì kí àwọn tó kí i. Nígbà tí obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù bi í pé, "Àmírà, ibo lẹ ń lọ?" ó ní, "Ọsibítù. Wọ́n fẹ́ yẹ ọmú mi wò." Obìnrin náà yanu. Ìyá Ìdrís ń rìn lọ.

Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀, kó gbé apá òsì sórí. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ó ka gbogbo súrà tó mọ̀. Dókítà Adéyínká gún un ní abẹ́rẹ́ kékeré tó ń pa ojú ibẹ̀, ó ta á, ó sì tán. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń bà á lẹ́rù. Ó gbọ́ "tàà", bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ ìwé pọ̀ mọ́ra ní ọ́fíìsì. Nǹkan kan kàn tì í nínú ọmú. Tàà, lẹ́ẹ̀kejì. Tàà, lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó ti parí, Mà," ni dókítà wí.

"Kí ló parí?"

"Abẹ́rẹ́ náà. Ẹ padà wá gba èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì."

Ìyá Ìdrís wò ó. Ó wo òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò ju ìka méjì lọ. Nígbà náà ni ẹkún gbà á, ẹkún tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì sáré wá, ó ń bi í pé níbo ló ń dùn ún. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Ohun tó ń pa á lẹ́kún gan-an nìyẹn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ sí Ailegun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to irọ́. Ó máa ní ó dùn òun dé ọ̀run. Ó máa ní òun dákú. Ó máa di ọmú náà mú bó bá ń wọlé, á sì rọra jókòó. Irọ́ yẹn á ṣàánú Bàṣírátù. Á lè sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí òun sá fún tó nǹkan tí èèyàn ń sá fún. Á ṣàánú Ìyá Ìdrís náà, ká má fi apá yẹn pamọ́. Kẹ̀kẹ́ fi gbogbo kòtò ojú ọ̀nà gbé e sókè gbé e sílẹ̀, irọ́ náà sì ń dùn ún lẹ́nu sí i.

Motọ́lání kúnlẹ̀ kí i, ó gbé ife omi tútù wá sórí àga kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Bàṣírátù ti ń wo ilẹ̀kùn.

"O gbà á?"

"Mo gbà á."

"Báwo ló ṣe dùn tó?"

Irọ́ ti wà lórí ahọ́n. Ìyá Ìdrís wo ojú tó ń wò ó, ojú ẹni tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti ọdún tó kọjá.

"Kò dùn," ló wí. "Abẹ́rẹ́ ibà tí wọ́n ń gún wa ní kékeré ní Ìséyìn dùn jù ú lọ. Kò tó ogún ìṣẹ́jú."

"Ogún ìṣẹ́jú."

"Kò tó o."

Bàṣírátù ń mi orí lórí ìrọ̀rí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ọjà tó ti wù ú tipẹ́. Omi jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. Lẹ́yìn náà ló pe Motọ́lání tó ń jáde lọ.

"Padà wá. Kúnlẹ̀ síbẹ̀." Ó yí ojú sí Ìyá Ìdrís. "Sọ ọ́ fún un. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo mú ìwé wá bá ẹ. Má yọ nǹkan kan kúrò. Òun náà ní ọmú."

Ọmọ náà ò mọ̀ rí. Ìyá rẹ̀ kàn sọ fún un nígbà yẹn pé òun ò fẹ́ lọ ni. Ó kúnlẹ̀, ó ń wo Àmírà, ó rò pé wọ́n fẹ́ gbà á níyànjú. Ìyá Ìdrís sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti òkú mẹ́ta. Ó sọ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ó sọ ti oyin àti kóró dúdú. Ó sọ ti ìyá tó ń jẹ ẹ̀pà, ti abẹ́rẹ́ àárọ̀ yìí àti bí kò ṣe dùn. "Èmi ni mo dá ìyá rẹ dúró," ló wí. "Bí o bá rí nǹkan kan lára ẹ lọ́jọ́ kan, má bi mí. Má bi ẹnikẹ́ni bíi tèmi. Lọ gbà á."

Motọ́lání dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Kò pariwo, kò bú u. Ó gbé ife omi tó gbé kalẹ̀ fún un, tí Ìyá Ìdrís ò tíì fẹnu kàn, ó gbé e padà jáde. Wọ́n gbọ́ nígbà tó dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ìyá Ìdrís fẹ́ dìde tẹ̀ lé e lọ bẹ̀ ẹ́. Bàṣírátù di aṣọ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀, kó bínú," ló wí. "Kò ní gbàgbé."